Orúkọ Tí Mo Pa Rẹ́

"Màmá mi, mú bírò pupa wá, ká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Bí bàbá mi ti sọ bẹ́ẹ̀ ni mo dìde. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní Màmá mi, nítorí wọ́n ní mo jọ ìyá tó bí wọn. Mo ti nawọ́ sí bírò náà kí n tó rí i pé èmi kọ́ ni wọ́n ń bá wí. Ọmọ Sájẹ́ńtì, ọmọbìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ni. Ó ti jókòó sórí àga mi, ó sì ti fà á sún mọ́ wọn. Mo gbé bírò náà fún un, mo wọ ilé ìdáná lọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mo ń jowú. Ẹni tó bá ní òun kò jowú rí, kó tún ara rẹ̀ bi dáadáa.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí ìyá mi kú. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ nígbà náà, ogun ti ba ojú wọn òsì jẹ́, wọ́n sì ti rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan. Àwọn ni bàbá mi, àwọn náà ni ìyá. Wọ́n tilẹ̀ lọ kọ́ irun dídì nítorí mi. Ìlà irun náà a máa tọ́ bí ìgbà tí àwọn sójà bá tò, débi pé àwọn ọ̀rẹ́ mi a ní kí orí mi kọ́kọ́ kí ọ̀gá àgbà kó tó wọ kíláàsì.

Nítorí ojú kan ṣoṣo tó kù fún wọn, tó sì máa ń rẹ̀ wọ́n ní ìrọ̀lẹ́, èmi ni mo máa ń ka ojú ìwé tí wọn kò tíì tẹ̀ jáde sókè fún wọn. Wọ́n á máa fi wé èyí tí wọ́n fọwọ́ kọ. Níbi tí àṣìṣe bá wà, wọ́n á ní kí n fi bírò pupa fa ìlà lé e. Lẹ́yìn náà, wọ́n á buwọ́ lù ú, ó di ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Atẹ̀wé kì í bi èèyàn ní ìbéèrè. Ohun tí bírò pupa bá ti gba orí rẹ̀ kọjá, ó ti tán nìyẹn. Ọdún márùn-ún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, àkókò tèmi pẹ̀lú bàbá mi sì ni.

Àfìgbà tí wọ́n mú Ọmọ Sájẹ́ńtì wálé. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ bàbá mi ni bàbá rẹ̀. Ojú ogun ló kú sí, wọn kò sì rí òkú rẹ̀ gbé wálé. Abúlé tí ìyá rẹ̀ ń gbé kò ní ilé ẹ̀kọ́ gidi, ni bàbá mi bá ní kó wá múra ìdánwò àṣekágbá lọ́dọ̀ wa. Ẹgbẹ́ mi ni, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan. Ohun tó tilẹ̀ ń bí mi nínú jù nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tí ọ̀fun ń dùn mí, òun ló bá mi kàwé fún bàbá mi. Ọ̀fun mi san, kò sì dìde lórí àga mi mọ́. Bàbá mi ní kí n lọ gbájú mọ́ ìṣirò, nítorí mo ti gbòdo nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ ire ni, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ire.

Ojú ìwé tí bàbá mi fẹ́ràn jù lọ ni wọ́n ń kà ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Lọ́dọọdún, ní àyájọ́ ọjọ́ tí ogun parí, wọ́n máa ń tẹ orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó kú sójú ogun, mọ́kànlélógójì, ìlà kan fún ẹnì kan. Láti ilé ìdáná ni mo ti ń gbọ́ bí ọmọbìnrin náà ṣe ń kà á. Nígbà tó kan orúkọ bàbá rẹ̀, ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Mo yọjú, mo sì rí i tí bàbá mi gbé ọwọ́ lé e lórí.

Wọ́n buwọ́ lù ú tán, bàbá mi lọ wẹ̀, ọmọbìnrin náà jáde lọ ká aṣọ. Ojú ìwé wà lórí tábìlì. Orúkọ kan wà tí wọ́n ṣèèṣì tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ti pa ọ̀kan rẹ́. Orúkọ Sájẹ́ńtì ló tẹ̀ lé e. Mo mú bírò, mo fa ìlà kan lé òun náà. Mo ní wọn yóò rò pé ọmọ náà ló ṣàṣìṣe, àga mi yóò sì padà sọ́wọ́ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìwé ìròyìn náà jáde, fóònù bàbá mi dún. Bọ́ǹbù ti dín ìgbọ́ràn wọn kù, wọ́n sì máa ń gbé ohùn fóònù sókè, nítorí náà gbogbo ilé ló máa ń gbọ́ ẹni tó bá pè wọ́n. Ìyàwó Sájẹ́ńtì ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú pé mo tètè pè yín. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo tún ní kí ọmọ aládùúgbò bá mi kà á. A ò rí i. Ṣé ẹ ti yọ ọ́ kúrò ni?"

Bàbá mi ṣí ìwé náà, wọ́n wá a títí, wọn kò rí orúkọ náà. Obìnrin náà ní òun kò kúkú ní sàréè tí òun ń lọ. Ìlà kan yẹn ni òun máa ń gé lọ́dọọdún, tí òun ń lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ọmọ Sájẹ́ńtì kò sunkún. Ó kàn ní òun ka orúkọ náà sókè, bàbá mi sì gbọ́. Bàbá mi ní òótọ́ ni. Wọ́n lọ sí ibi iṣẹ́, wọ́n yẹ ojú ìwé náà wò, wọ́n rí ìlà pupa lórí orúkọ náà, wọ́n sì padà wálé lọ́sàn-án pẹ̀lú ojú tó fà ro. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọ náà ló yẹ̀ nígbà tó ń fa ìlà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn tó buwọ́ lù ú ló jẹ̀bi. Wọ́n ti sọ fún olóòtú pé kó fa ojú ìwé náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹni tí kò rí orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́, kò yẹ kó máa bá wọn buwọ́ lu nǹkan.

Wọ́n wá jókòó, wọ́n gbé ìwé ìròyìn sókè, wọ́n ń sún un mọ́ ojú, wọ́n tún ń tì í sẹ́yìn, wọ́n ń dán ojú ara wọn wò. Mi ò lè wò ó mọ́.

"Bàbá, ojú yín kò ṣàṣìṣe. Ọwọ́ rẹ̀ náà kò yẹ̀. Èmi ni mo fa ìlà yẹn. Mo ń jowú rẹ̀."

Wọn kò pariwo, wọn kò nà mí. Wọ́n ká ìwé ìròyìn náà, wọ́n gbé e sórí tábìlì.

"Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Ì bá sàn fún mi kó jẹ́ pé ojú yìí ló fọ́."

Mo ti jẹ ẹgba rí, ṣùgbọ́n ẹgba kankan kò dùn mí tó ọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n ní ìwé ìròyìn yóò tẹ àtúnṣe, ṣùgbọ́n ẹnu mi ni ìyàwó Sájẹ́ńtì yóò ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ọkọ̀ lọ sí abúlé. Nínú yàrá obìnrin náà, àwọn ìlà ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́kànlá wà lára ògiri, wọ́n tò tẹ̀ léra wọn. Ó ti fi gọ́ọ̀mù sórí àga kékeré kan sílẹ̀ de èkejìlá.

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ọmọ mi ló gba àga rẹ," ló wí, kò sì gbóhùn sókè. "Kí ni ọkọ mi ṣe fún ọ?"

Títí di òní, mi ò tíì rí èsì ìbéèrè yẹn.

Bàbá mi gba ojú ìwé wọn padà, ìwé ìròyìn sì tẹ àtúnṣe náà lọ́sẹ̀ kejì. Ọmọ Sájẹ́ńtì kò bá mi rẹ́rìn-ín títí a fi ṣe ìdánwò tán, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí owú bá ń jà nínú yín, ẹ tètè sọ ọ́ jáde fún ẹni tó fẹ́ràn yín, kó tó rán yín níṣẹ́. Bí ẹ bá jẹ́ iṣẹ́ tó rán yín, ẹni tí kò ṣẹ̀ yín rárá ni yóò jìyà rẹ̀.