Ohun Tí Adétóun Kò Kà

"Ka ìgò yìí fún mi kó o tó lọ," ni Màmá wí. Ó na ìgò funfun kan sí Adétóun.

Adétóun bojú wẹ̀yìn. Angèle àti Régine, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, dúró lẹ́bàá ìsọ̀. Sinimá ni wọ́n jọ ń lọ.

"Àṣé ìyá ẹ ò mọ̀wé?" Angèle bi í ní èdè Faransé. Régine fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Ojú ti Adétóun gan-an.

Ìgbà tí owó epo rọ̀bì gbòde ní Libreville, olú ìlú Gabon, ni. Láti àdúgbò Avéa títí dé Sibang ni àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń wá sí ọjà Mont-Bouët. Ìsẹ́yìn ni Màmá ti wá, ọṣẹ, ìpara àti pàúdà ló ń tà. Kì í ta ohunkóhun tí kò bá tíì fi pa ojú ara rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. "Ojú mi ni pátákó ọjà mi," ló máa ń wí. Ó gbọ́ Faransé débi pé ó lè fi ná ọjà, ó sì lè fi bú èèyàn, àmọ́ kò lè kà á. Ọjà tuntun ni ìgò yìí: lóṣọ̀n, omi tí wọ́n fi ń nu ojú lẹ́yìn ọṣẹ, kí wọ́n tó pa ìpara.

Adétóun sáré ka ìlà àkọ́kọ́. "Wọ́n ní kí ẹ fọ ojú, kí ẹ da omi yìí sórí òwú, kí ẹ fi nu ojú, kí ẹ wá pa ìpara. Láàárọ̀ àti lálẹ́." Orí ara rẹ̀ ló ti fa gbólóhùn ìkẹyìn yìí yọ.

"Gbogbo lẹ́tà wẹ́wẹ́ yìí, èyí nìkan ni wọ́n wí?"

"Màmá, ọ̀rọ̀ òyìnbó kì í tán. Ó dàbọ̀!"

Kó tó di ọjọ́ karùn-ún, ojú Màmá ti ń dán. Monique, ìyàwó ọ̀gá kan ní Avéa, rí i, ó sì bẹ̀ ẹ́ títí ó fi ta ìgò méjì fún un. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Màmá kò dúró kí ọ̀sẹ̀ méjì pé.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Màmá fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Tóun, omi yìí ń jó mi lójú. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?"

Adétóun mú ìgò náà, ó kà á dé ìsàlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere: alẹ́ nìkan ni kí wọ́n máa lò ó, oòrùn kò gbọdọ̀ kan ojú, bó bá ń jóni, kí wọ́n dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ oòrùn ni Màmá ń jókòó sí láti àárọ̀, torí ọjà rẹ̀ nìkan ni agboòrùn rẹ̀ ń bò. Adétóun la ẹnu. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, Màmá á béèrè pé kí ló wá kà lọ́jọ́ náà.

"Ó ń ṣiṣẹ́ ni, Màmá. Ẹ ṣì máa lò ó."

"O ṣeun, ọmọ mi."

Ní ọjọ́ Sátidé, Monique dé. Ó fi ìborùn bo ojú, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé ìgò kalẹ̀ gbà, ó ń kà á sókè kí gbogbo ọjà lè gbọ́: "Ní alẹ́ nìkan! Kí oòrùn má kan ojú! Bó bá ń jóni, ẹ dá a dúró! Ta ló ní kí n máa lò ó láàárọ̀? Màmá Adé, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

"Ẹ wo bí ojú Màmá Adé fúnra rẹ̀ ṣe pọ́n ná!" ni obìnrin ẹlẹ́ja kan wí. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

Màmá kò wo Monique. Adétóun ló ń wò. "Ṣé ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Ó wà níbẹ̀, Màmá."

"Lọ́jọ́ tí mo ní ó ń jó mi ńkọ́?"

Adétóun bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ìgò tó wà níwájú rẹ̀.

Màmá kò nà án. Ì bá sàn kó nà án. Ojú Màmá bó, ó sì sàn, ṣùgbọ́n ó fi àbàwọ́n dúdú sílẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ta ni yóò ra ìpara lọ́wọ́ ẹni tó ní irú ojú bẹ́ẹ̀? Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Màmá ti kó ìgò kúrò nílẹ̀, àlùbọ́sà àti iyọ̀ ló wá ń tà. Angèle kò tilẹ̀ rántí pé òun sọ nǹkan kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òṣìṣẹ́ ìlú kan mú ìwé wá fún Màmá nípa ìsọ̀ rẹ̀. Adétóun jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Màmá gba ìwé náà, ó gba iwájú ọmọ rẹ̀ kọjá, ó ń lọ sọ́dọ̀ Yísà, aláṣọ tó mọ Faransé kà ní òdìkejì.

"Màmá, mo lè kà á fún yín."

"Mo mọ̀ pé o lè kà á," ni Màmá wí, kò bojú wẹ̀yìn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, bí ẹni tí kò mọ̀wé bá ní kí ẹ kàwé fún òun, ojú yín ló fi ń ríran. Ẹ má torí ẹ̀rín ọ̀rẹ́ ṣì í lọ́nà. Bí ẹ bá sì ti ṣèèṣì purọ́, ẹ tètè jẹ́wọ́. Ìkánjú àti ìtìjú ló fa irọ́ àkọ́kọ́ tí Adétóun pa. Èkejì, tó mọ̀ọ́mọ̀ pa, ló jẹ́ kí àbàwọ́n kù sójú ìyá rẹ̀.