Omi Tó Ń Jò Lábẹ́ Ìyá Àgbà

Mo ti pa irọ́ tó dùn ju èyí lọ. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ìsọlọ̀ á jẹ́rìí sí i. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ, àwọn èèyàn máa ń gbé abọ́ oúnjẹ wọn wá síbi tí mo bá jókòó sí, nítorí kí wọ́n lè gbọ́ irọ́ gidi. Ká ní irọ́ ni mo fẹ́ pa lónìí, ǹ bá ti fi ẹ̀rín sí i. Èyí kò ní ẹ̀rín nínú. Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Mo fi ọwọ́ kàn án.

Ní báyìí tí mo ti fẹ̀yìntì, iṣẹ́ mi ni kí n jókòó. Orí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi furúùtù ni mo ti ń ṣe é, ní ṣọ́ọ̀bù Sirajudeen mẹkáníìkì, lójú ọ̀nà Èjìgbò. N kì í pẹ́ dé, n kì í sì í gba ìsinmi.

Bùràímọ̀ wà lára àwọn oníbàárà Siraju. Bàbá Salimat ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ Ìwó ni, èèyàn jẹ́jẹ́. Ó ní báàsì kékeré kan, aláwọ̀ eérú, irú èyí tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń rọ́ gbirigbiri. Òun ló fi ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Ìsọlọ̀ láàárọ̀, tó fi ń kó wọn bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ọkọ̀ náà ti dàgbà débi pé Ìyá Àgbà ni a sọ ọ́. Tó bá ń gun òkè, a máa ń kí i kú ìrọ́jú.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Bàbá Salimat bí. Ìyá ọmọ náà ti kú sórí ìkúnlẹ̀. SS ni Salimat, àìsàn tí àwọn àgbà ń pè ní fòní-kú-fọ̀la-dìde. Òtútù ni ọ̀tá rẹ̀. Tí òtútù bá ti kàn án, gbogbo oríkèé ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó di ilé ìwòsàn nìyẹn. Nítorí náà, nínú gbogbo Ìsọlọ̀, òun nìkan ni mo mọ̀ tó ń lo híítà mọ́tò. Ìyá Àgbà ní híítà kan lẹ́yìn pátápátá, èyí tó bá a wá láti ìlú òyìnbó. Ibẹ̀ ni Salimat máa ń jókòó sí. Á na ẹsẹ̀ sí ojú ihò tí atẹ́gùn gbígbóná ń gbà jáde, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn tó kù á máa làágùn bí ẹran súyà. Kò sẹ́ni tó ráhùn rí.

"Bàbá Ẹ̀fẹ̀," á pè mí láti ojú fèrèsé, "ẹ wọlé ká jọ yáná."

"Rárá o. Mi ò fẹ́ kí iná mọ̀ mí lójú kí n tó kú."

Á rẹ́rìn-ín títí á fi máa wúkọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwọn mẹkáníìkì wa ṣe ń ṣe. Rọ́bà méjì ló ń gbé omi gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì lọ sí híítà ẹ̀yìn. Abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n gbà. Kọnẹ́kítọ̀ ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀, oríkèé kékeré oníke kan báyìí. Tí ọkọ̀ bá ti darúgbó, ike yẹn á gbẹ, á sán, omi á máa jò. Ní ilẹ̀ olótùútù, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. L'Ékòó, wọ́n á gé rọ́bà méjèèjì dànù, wọ́n á so ẹnu wọn pọ̀ níwájú, omi ò ní dé ẹ̀yìn mọ́ láé. Wọn kì í bi ẹnikẹ́ni. Ta ló fẹ́ yáná l'Ékòó?

Ìgbà ọyẹ́ ni Ìyá Àgbà kọ́kọ́ jò. Bàbá Salimat gbé e wá láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, òun fúnra rẹ̀ ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Òṣòdì.

"Siraju, omi ń jò. Bá mi dí i."

"Kò le, Bàbá Salimat. Ẹ máa lọ."

Siraju wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó rí oríkèé tó sán. Ó gé rọ́bà, ó so ó pọ̀ níwájú, ó fi àwọn àlòkù kọ́ ìṣó lára ògiri. Orin ló ń kọ lẹ́nu. Omi dá. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é, bí ọwọ́ èèyàn ṣe ń lé eṣinṣin. Salimat kò wá sí i lọ́kàn rárá. Èmi náà wà níbẹ̀. Mo ń sùn, gẹ́gẹ́ bí ìlànà iṣẹ́ mi.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ìrora dé bá Salimat. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni, ọyẹ́ ti bo títì bí èéfín. Bàbá rẹ̀ gbé e sí àyè rẹ̀ lẹ́yìn, ó fi aṣọ dì í, ó tan híítà, ó kọrí sí ilé ìwòsàn.

Ọmọ náà kò bá a débẹ̀.

Èmi àti Siraju lọ síbi àdúà ọjọ́ kẹjọ. Bàbá Salimat rí wa, ó dìde, ó di ọwọ́ Siraju mú lójú gbogbo èèyàn.

"Ọlọ́run á san án fún ọ," ó ní. "Omi tí o bá mi dí yẹn. Híítà yẹn ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà ju bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí a dé abẹ́ bíríìjì, ọmọ mi ní, 'Dádì, ara mi ti móoru. Ẹ dín in kù.'"

Ọwọ́ Siraju ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Òtútù kò pa ọmọ mi, Siraju. Òun ló ń jẹ́ kí n rí oorun sùn."

"Àmín," Siraju ní. Kì í ṣe ibi tó yẹ kéèyàn ti ṣe àmín nìyẹn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Siraju kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ẹnu géètì ló ti fà mí láṣọ.

"Bàbá Ẹ̀fẹ̀, mo ti gé e."

"Kí lo gé?"

"Híítà ẹ̀yìn. Kò sí rọ́bà níbẹ̀ mọ́. Kò sí omi. Tí èèyàn bá tan án, ọyẹ́ nìkan ló lè fẹ́ jáde."

Mo wá ẹ̀fẹ̀ kan tí mo lè ṣe. Àgbà ni mí nínú iṣẹ́ yìí, n kì í wá a tì. Mo wá a tì.

"Má sọ fún un," mo ní.

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa kí Ìyá Àgbà tó tún yà sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Salimat ti gbẹ. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dà bí èyí tó yá wọ̀.

"Ó tún ti ń jò," ó ní. "Ẹ̀yìn, níbi àkọ́kọ́."

Siraju wò mí.

"Híítà ńkọ́?" mo bi í.

"Ó ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń tan án fún ọmọ mi láàárọ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó wọlé. Ó máa ń gbóná dáadáa."

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ Siraju.

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Èmi náà tẹ́ páálí sílẹ̀, mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi ráhùn jù mí lọ. Siraju tan iná fóònù rẹ̀. Irin. Eruku. Ibi tí àwọn oríkèé yẹn wà tẹ́lẹ̀ ṣófo. Ó gbẹ táútáú. Kò sí rọ́bà, kò sí páìpù, kò sí nǹkan kan. Nínú òfìfo yẹn, omi kóra jọ. Ó wú díẹ̀díẹ̀. Ó já bọ́.

Tó.

Siraju sún orí mọ́ ọn.

Tó.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Siraju ló bọ́ sí. "Ó gbóná," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Mo fi ìka gba èyí tó tẹ̀lé e, mo fi kan ahọ́n. Mo mọ bí omi rẹdiétọ̀ ṣe rí lẹ́nu. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Mi ò ní sọ bó ṣe rí. Ẹni tó bá ti sin ọmọ rí ti mọ̀ ọ́n.

Siraju jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó nu ojú. Ó gun ọ̀kadà lọ sí ọjà Ládípọ̀, ó ra rọ́bà tuntun àti oríkèé onídẹ, irú èyí tí kì í sán. Nígbà tó dé, mo tẹ̀ lé e lọ sẹ́yìn ọkọ̀.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Ohun tó rò pé mo ṣe nígbà yẹn. Mo fẹ́ kó di òótọ́."

Gbogbo ọ̀sán ló fi ṣe é. Bàbá Salimat jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ ò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́?" ó bi mí.

"Mo ti fẹ̀yìntì."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Siraju tan ẹ́ńjìnnì. Ó jẹ́ kó gbóná. Ó fọwọ́ kan rọ́bà tuntun, ó tètè fà á sẹ́yìn. Omi ń sáré lọ síbi tó yẹ kó lọ. Abẹ́ ọkọ̀ gbẹ. Kò jò mọ́. Bàbá Salimat wọ ẹ̀yìn lọ, ó jókòó, ó na ọwọ́ sí ojú ihò.

A dúró. Jẹnẹrétọ̀ kan kú níbì kan. Gbogbo àdúgbò dákẹ́ lójijì.

"Siraju."

"Sà."

"Kí lo ṣe sí i?"

"Mo tún un ṣe, sà. Omi gbígbóná ń kọjá níbẹ̀."

"Ó tutù."

Siraju na ọwọ́ síbẹ̀. Mo rí irun apá rẹ̀ tó dìde. Èmi náà na tèmi. Kì í ṣe atẹ́gùn lásán. Ọyẹ́ ni. Ó gbẹ, ó ń rùn bí eruku. Àárín ìgbà òjò la sì wà.

"Dá a padà sí bó ṣe wà," Bàbá Salimat ní. "Jẹ́ kó máa jò. Kò dùn mí. Dá a padà."

Siraju wò mí. Mo wo igi furúùtù.

Siraju bá kúnlẹ̀ sínú ọ́ìlì.

"Kò sí bó ṣe wà, sà. Mo ti gé e láti ìgbà ọyẹ́, lọ́jọ́ tí ẹ lọ sí Òṣòdì. Ọwọ́ mi ló gbé mi lọ. Nígbà tí ẹ ń gbé Salimat lọ, kò sí híítà nínú mọ́tò yìí. Ẹ foríjì mí. Ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn."

Ó nàka sí ògiri. Rọ́bà méjì wà lórí ìṣó, aláǹtakùn ti takùn sí i.

Bàbá Salimat wò ó pẹ́. Mo ń retí pé á gbá a létí. Mo ń retí pé á ké. Kò ṣe ọ̀kankan.

"Ṣùgbọ́n ó ní ara òun móoru," ó ní, bí ọmọdé.

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Kí ló wá mú un móoru?"

Ìdáhùn tó dára wà fún ìbéèrè yẹn. Èyí tí kò dára náà wà: ẹni tí òtútù bá ń pa a máa rò pé ara òun móoru kó tó lọ. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti rí méjèèjì.

Ó sọ̀ kalẹ̀.

"Gé e," ó ní.

"Sà?"

"Bí o ṣe gé e nígbà yẹn gẹ́lẹ́. Má fi nǹkan kan sílẹ̀ níbẹ̀."

Siraju gé e. Kò kọrin lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tó parí, wọ́n ti pe ìrun Mọ̀gáríbì, iná sì ti lọ ní gbogbo òpópónà. Bàbá Salimat padà wọ ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn rọ́ gbirigbiri, ó pa dé. Apá ọ̀tún ló jókòó sí. Apá òsì ni àyè Salimat.

Èmi àti Siraju dúró síta. Ẹ́ńjìnnì ń rọra kùn. Ó pẹ́. Mo ti ń rò ó pé ká lọ ṣílẹ̀kùn fún un.

Ìgbà náà ni gíláàsì ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í funfun láti inú. Apá òsì ni. Nísàlẹ̀, níbi tí ẹnu ọmọ tó jókòó lè dé. Ó funfun, ó mọ́, ó tún funfun.

A rí Bàbá Salimat tó ṣí fìlà. Ó tú bọ́tìnnì ọrùn. Ó ń nu òógùn. Ẹnu rẹ̀ ń mì. A ò gbọ́ ohun tó ń sọ, a ò sì gbìyànjú láti gbọ́.

Lábẹ́ ọkọ̀, nínú òkùnkùn:

Tó.

Ọkọ̀ náà ṣì ń ṣiṣẹ́ di òní. Siraju máa ń yẹ rẹdiétọ̀ rẹ̀ wò. Omi inú rẹ̀ kì í dín. Ibi tí èyí tó ń jò ti ń wá, kò bi mí, mi ò sì bi í.

Mo mọ ìṣe wa ní Ìsọlọ̀. A kì í rí mọ́tò tó ń jò ká má pariwo mọ́ onímọ́tò. Tí ẹ bá rí báàsì kékeré aláwọ̀ eérú kan láàárọ̀ kùtù, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, tí gíláàsì apá òsì rẹ̀ funfun, tí omi ń kán tẹ̀ lé e lójú títì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é.

Ó mọ̀.