Ìtàn Abẹ́rẹ́ Tí Céline Gé Kúrú

"Sọ fún un pé láti ìgbà tí a ti kó àgbàdo tán ni erìgì mi ti ń ṣẹ̀jẹ̀," ni Ìyá Àpọ̀kẹ́ wí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wú bí ẹni gbé ọmọ tuntun. "Mo rò pé orín ni mo fi gún un. Àṣé ọ̀tá ń kọ́lé lábẹ́ eyín mi. Sọ ọ́ tán o, Málọmọ́, má fi ìyókù pamọ́."

Céline sọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ apá Kara, ní àríwá Togo, ni dókítà eyín tó wà níwájú wọn, kò gbọ́ èdè Ifẹ̀ tí wọ́n ń sọ lágbègbè Atakpamé rárá, èdè Faransé nìkan ni ọ̀rọ̀ lè gbà dé etí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìyá àgbà fi ní kí ọmọ-ọmọ òun, tó ń kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Atakpamé, wá ṣe ẹnu fún òun. Céline ni orúkọ rẹ̀ nílé ìwé. Málọmọ́ ni ní ìlú wọn, Akparé, lọ́dọ̀ ìyá àgbà yìí tó wò ó dàgbà láti ọjọ́ tí a ti já a lẹ́nu ọmú.

Ká ní àwọn mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá má burú. Ṣùgbọ́n aṣọ títa lásán ló dínà láàárín yàrá dókítà àti bẹ́ǹṣì àwọn tó ń dúró, orí bẹ́ǹṣì náà sì ni Gérard jókòó sí, ọmọ akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́, tí òun àti Céline jọ wà ní kíláàsì kan. Eyín ń dùn ún, síbẹ̀ kò jẹ́ kí ìyẹn dí òun lọ́wọ́ ẹ̀rín.

"Málọmọ́!" ó ń pè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti ẹ̀yìn aṣọ. "Ṣé àlọ́ ni ìyá yín ń pa fún dókítà ni? Ká máa gbè é?"

Ojú gba Céline tì. Àwọn tó bá mọ Ìyá Àpọ̀kẹ́ mọ̀ pé kì í dáhùn ìbéèrè láti ojú ewé, gbòǹgbò ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí o bá bi í pé ṣé iṣu ti jiná, yóò kọ́kọ́ sọ ibi tí wọ́n ti rí èbù rẹ̀. Ní Akparé, adùn ni. Níbi tí Gérard ti ń gbọ́ lẹ́yìn aṣọ, ìtìjú ni.

Dókítà ha ìdọ̀tí líle tó gan mọ́ ìdí eyín ìyá àgbà. Ó tú ọyún tó kójọ jáde, ó ní kó fi omi iyọ̀ yọ ẹnu. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Céline.

"Bí ó bá jẹ́ pé erìgì kàn ń ṣẹ̀jẹ̀ lásán ni, mi ò ní fún un ní oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn. Fífọ̀ tí mo fọ̀ ọ́ yìí ti tó. Ṣùgbọ́n ọyún yìí ti ń gun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ibà sì wà lára rẹ̀. Pẹnisilíìnì ni mo fẹ́ kọ fún un. Kí n tó kọ ọ́, bi í léèrè dáadáa: ǹjẹ́ oògùn tàbí abẹ́rẹ́ kan ti dà á láàmú rí?"

Céline bi í. Ojú ìyá àgbà mọ́lẹ̀.

"Ọmọ yìí gbọ́n! Sọ fún un pé ọdún tí ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín ni àwọn ará ìjọba gbé ọkọ̀ abẹ́rẹ́ wá, nítorí egbò burúkú tó ń jẹ àwọn èèyàn lẹ́sẹ̀. Bàbárímisá, ọkùnrin kan lágbo ilé wa, ló kọ́kọ́ tẹ̀ fún wọn, ó ké bí òbúkọ, gbogbo obìnrin fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wá kàn mí…"

"Àlọ́ o!" ni Gérard wí. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà kò dúró, ó sọ ọ́ dé òpin. Céline mọ ìtàn náà. Ó ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí kò tún ń gbọ́ ọ mọ́. Nínú ìtàn náà, ara ìyá àgbà sú, ojú rẹ̀ wú bí ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n sì da omi lé e lórí kó tó mí. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi í rín ní agbo ilé. Ó rántí òwe pé bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé ọlọ́gbọ́n ìránṣẹ́ ni òun.

"Non, dókítà. Ó ní rárá."

Dókítà gbójú sókè. "Gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn yẹn, rárá nìkan ni?"

"Àwọn àgbà wa nìyẹn, ọ̀rọ̀ wọn máa ń gùn."

"Ṣé o sọ ọ́ fún un?" ni ìyá àgbà bi í.

"Mo ti sọ ọ́, Ìyá."

Dókítà kọ pẹnisilíìnì náà, wọ́n rà á, wọ́n sì padà sí Akparé. Ìyá Àpọ̀kẹ́ jẹun, ó gbé oògùn mì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì ṣàdúrà pé ọmọ tirẹ̀ náà yóò ṣe ẹnu fún un lọ́jọ́ alẹ́. Kò tíì fọ abọ́ tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọrùn. Gbogbo ara rẹ̀ sú. Ètè wú, ìpéǹpéjú wú. Ó fẹ́ pe Málọmọ́, ohùn kò jáde. Èémí ń súfèé ní ọ̀fun rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ tó ń gba ihò ilẹ̀kùn. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Wọ́n gbé e dé etí títì. Takisí kan kọjá, ó kún. Òmíràn kọjá, kò tilẹ̀ dín eré kù. Céline dúró láàárín títì, ó ju ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń ké ní Ifẹ̀, ó ń ké ní Faransé, kò sí èyí tó mú mọ́tò dúró nínú méjèèjì. Ọmọ tó gbọ́ èdè tó tó báyìí, kò ní ọ̀rọ̀ kan tó lè ṣí ọ̀fun ìyá rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù Ògúnsanwó, ará Akparé kan, tó ń kó òwú bọ̀ láti oko ló wá gbé wọn, tí wọ́n tẹ́ ìyá àgbà sórí òwú.

Ọlọ́run ṣe é, abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un nílé ìwòsàn dá èémí rẹ̀ padà. Dókítà eyín sáré dé. Kò pariwo. Ó bi Céline pé, "Ṣé rárá ló wí lóòótọ́?" Céline bú sẹ́kún, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ ní Faransé. Dókítà ní pẹnisilíìnì kan náà ló wà nínú abẹ́rẹ́ ìgbà yẹn.

Ìyá Àpọ̀kẹ́ la ojú lórí ibùsùn. "Kí lẹ̀ ń sọ? Túmọ̀ rẹ̀ fún mi."

Ta ni yóò tún túmọ̀ bí kò ṣe òun? Céline kúnlẹ̀, ó túmọ̀ ẹ̀bi ara rẹ̀ láìyọ ẹyọ kan: rárá tó wí, ẹ̀rín Gérard, àti pé òun ní ọ̀rọ̀ àwọn àgbà máa ń gùn. Ìyá àgbà kò bú u. Ó kọjú sí ògiri.

Dókítà fún un ní oògùn mìíràn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà sì rọ̀. Nígbà tí wọ́n padà lọ fún àyẹ̀wò, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Colette, ọmọ Ifẹ̀, ló ń túmọ̀.

"Dókítà ní báwo ni erìgì yín, Ìyá?"

"Ó dáa."

Colette ń dúró de ìyókù. Kò sí ìyókù. Céline sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára orín láràárọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ sọ ọ́ láti gbòǹgbò."

"Ó máa gùn," ni Ìyá Àpọ̀kẹ́ wí.

Céline yára sọ ti ẹ̀jẹ̀ náà fún dókítà. "Eyín wo ló ń dùn ún?" ni ìyẹn bi í. "Láti ìgbà wo? Ṣé ó ń jí i lójú oorun?" Céline kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Ẹni kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n jókòó tì í, ó ń wo ìta.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí a fi ṣe ẹnu fún ẹlòmíràn kò ní àṣẹ láti yan ọ̀rọ̀ fún un. Ohun tí ẹ fi ń rẹ́rìn-ín nínú ìtàn àgbà lè jẹ́ ohun tí dókítà ń wá kó tó kọ oògùn. Ìtìjú ojú ọ̀rẹ́ kì í pẹ́ tán. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ ara wa dí ẹnu àgbà, ẹ̀bẹ̀ nìkan kì í tètè ṣí i.