Ta Ló Kó Egungun Ọmọbìnrin Tó Wà Láàárín Òpó Òkúta?

Nígbà tí Inspẹ́kítọ̀ Lobuin fi máa dé etí adágún Turkana láàárọ̀, ibojì ti ṣófo. Láàárín àwọn òpó òkúta tí àwọn darandaran àtijọ́ rì mọ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń wa ilẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti rí egungun ọmọbìnrin kékeré kan, tòun ti ìlẹ̀kẹ̀ òkúta aláwọ̀ ewé lọ́rùn. Wọ́n ti gbé ìlẹ̀kẹ̀ lọ sí Nairobi. Egungun ló kù, òun náà ló sì dàwátì mọ́jú.

Dókítà Munyao, ọ̀gá àwọn awalẹ̀pìtàn, tí kò sùn sí àgọ́ lóru náà, ń fò sókè bí ẹni tí iná jó lẹ́sẹ̀.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ekaale ni! Bàbá yẹn ti ń ṣépè fún wa láti ọjọ́ tí a ti dé."

Bàbá Ekaale, àgbà ìlú tó wà nítòsí, kò sá. Ó jókòó sẹ́bàá ibojì náà, tábà lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì ti funfun bíi wàrà.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ kó o?"

"Èmi ni. Ọkọ́ ni mo fi wú u, mo sì dì í sínú awọ ewúrẹ́. Mú mi lọ! Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi í fún ẹkùn pa jẹ."

Lobuin sọ̀kalẹ̀ sínú ihò náà, ó kúnlẹ̀. Kò rí ojú ọkọ́ kankan. Ńṣe ni ilẹ̀ ń dán, bí ìgbà tí wọ́n fi ìrù ẹran gbá a. Egungun ìka ọmọdé kò ju hóró ẹ̀wà lọ, síbẹ̀ ọ̀kan kò jábọ́, ọ̀kan kò sì ṣẹ́kù.

Ó lọ bá Asekon, igbákejì Dókítà, obìnrin ọmọ ìlú náà tó kàwé dé yunifásítì.

"Àbúrò, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ dà?" Ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ máa ń bò lọ́rùn rẹ̀ pupa ju ojú rẹ̀ lọ.

"Ooru ló mú mi, mo bọ́ ọ."

"Ooru! Wọ́n bí ìyàwó mi sínú ooru yìí, n kò sì rí ọrùn rẹ̀ láìsí ìlẹ̀kẹ̀ rí."

Ó pe gbogbo wọn jọ sábẹ́ igi ẹ̀gún.

"Bàbá purọ́," ló wí. "Ẹni tí kò ríran dáadáa kò lè ṣa egungun ìka láìku ẹyọ kan. Ọwọ́ tó kọ́ iṣẹ́ yìí ló ṣe é, búrọ́ọ̀ṣì ló sì lò. Ẹni méjì ló mọ̀ ọ́n ṣe níbí. Dókítà ò sí ní àgọ́ lóru. Asekon, wọ́n ti gba ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ yẹn, o ò sì fẹ́ kó sùn lọ́rùn òfìfo. O fún un ní tìrẹ."

Asekon dìde. Ó kọjú sí Munyao.

"Mo bẹ̀ yín, Dókítà. Òkè òkun lẹ fẹ́ gbé e lọ, kí wọ́n lọ eyín rẹ̀ kúnná fún àyẹ̀wò. Mo ní kí ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò níbí, níṣojú àwọn àgbà, ẹ ní kí n panu mọ́. Èmi ni mo kó o, mo sì ti sin ín padà. Bí ẹ bá tún hú u lọ́la, màá tún kó o!"

"Ta ló ní kí o sọ̀rọ̀?" Bàbá Ekaale jágbe mọ́ ọn. "Ṣebí mo ti ní èmi ni!"

"Bàbá, ẹ ò lè bá mi ṣẹ̀wọ̀n."

Munyao kọjú sí àwọn òṣìṣẹ́. "Ẹ gbé ṣọ́bìrì! Ẹ wa gbogbo ilẹ̀ yìí títí a ó fi rí i."

Ọkùnrin tó wà níwájú ju ṣọ́bìrì tirẹ̀ sílẹ̀. Ìkejì ju tirẹ̀. Irin ń dún lórí òkúta títí ọwọ́ gbogbo wọn fi ṣófo, wọ́n wá tò síwájú àwọn òpó náà.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ pàṣẹ fún wọn!"

Ọkàn Lobuin wúwo, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò yẹ̀.

"Ẹni tó kó egungun lẹ ní kí n wá. Mo ti rí i. Ilẹ̀ wíwà kì í ṣe iṣẹ́ tèmi."

Kò fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Asekon lọ́wọ́. Bó ṣe ń ṣí ọkọ̀ fún un, Bàbá Ekaale ti wọ ẹ̀yìn, ó ti jókòó.

"Bàbá, mi ò mú yín o."

"Mo mọ̀," ni bàbá wí, ó sì pa ilẹ̀kùn dé gbàgà. "Wa mọ́tò rẹ."