Iná Òròmọdìyẹ Kọ́ Ni Iná Ọmọ Agẹmọ

Ẹni tó bá ti sin adìyẹ fún ọdún mọ́kànlélógún máa ń rò pé kò sí nǹkan kan tó ń jẹ́ iná tí òun ò mọ̀. Ara mi ni mò ń bá wí yẹn. Mo ti tọ́ òròmọdìyẹ lábẹ́ gílóòbù débi tí n kò lè ka iye wọn mọ́. Èyí tó ti na ẹsẹ̀ tó fẹ́ kú, mo ti gbé e sábẹ́ iná, ó sì dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá oúnjẹ jẹ lọ́wọ́ mi. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n fi ọmọ agẹmọ kan sílẹ̀ fún mi pé kí n bá wọn wò ó fún ọjọ́ márùn-ún péré, ẹ̀rín ni mo rín. Àwọn dókítà ẹranko ni wọ́n ní kí n wá sọ bí ẹ̀rín náà ṣe parí, kí ẹlòmíì má bàa rín in.

Ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mò ń gbé. Télọ̀ ni. Iyàrá iwájú ló ń lò fún iṣẹ́, ibi gbogbo níbẹ̀ sì kún fún aṣọ oníbàárà, òwú àti àjákù. Ó ní ọmọ kan, ọmọdébìnrin ọdún mọ́kànlá tí a ń pè ní Akọ̀wé, nítorí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé yìí tí kò ní kọ sílẹ̀. Ó ti kọ iye ìgbà tí mo ń hanrun láàárín wákàtí kan rí.

Akọ̀wé ló ni ọmọ agẹmọ náà. Oṣù mẹ́ta ni, Jẹ́jẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ìrù rẹ̀ kúrò, kò gùn ju ìka àárín mi lọ. Inú àgò aláwọ̀n ló ń gbé, pẹ̀lú ẹ̀ka igi àti ewé tútù. Iná méjì wà lórí àgò náà níta: gílóòbù roboto kan tó ń mú ooru wá, àti iná gbọọrọ kan tó funfun bí omi ìrẹsì. Ìyá ọmọ náà ti ṣòfin láti ọjọ́ kìíní: ọjọ́ tí ẹranko yìí bá ṣàìsàn nítorí àìtọ́jú, tàbí tí iná rẹ̀ bá fẹ́ jó ilé, ibi tó ti wá ló ń padà sí. Ọ̀sẹ̀ méje ni Akọ̀wé fi pa òfin yẹn mọ́ láìṣe àṣìṣe kankan.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kíláàsì wọn lọ sí ìrìn àjò. Kó tó lọ, ó lẹ ìwé kan mọ́ ògiri, ó ń fi ìka tọ́ka sí i, ó ń kà á sí mi létí bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: ẹ tan iná méjèèjì ní aago méje àárọ̀, ẹ pa méjèèjì ní aago méje alẹ́, ẹ fọ́n omi sí ewé, ẹ fún un ní ìrẹ̀ kéékèèké. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yí padà. Ó ní, "Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, yàtọ̀ sí títàn àti pípa, ẹ má fọwọ́ kan iná."

Mo ní kó máa lọ, pé kí ìyá rẹ̀ tó mọ ohun tó ń jẹ́ súìsì ni mo ti ń tan iná.

Ilẹ̀ Túsìdeè mọ́ pẹ̀lú òtútù. Mo lọ wo Jẹ́jẹ́, mo bá a tó dúdú bí èédú. Ọkàn mi ní, "Òtútù ti ń pa ọmọ ọlọ́mọ." N kò mọ̀ pé bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ nìyẹn, ó ń mú ara rẹ̀ dúdú kó lè tètè fa ooru mọ́ra ni, tó bá ti yá a tán, á padà sí àwọ̀ ewé. Ká ní mo dúró fún ìdajì wákàtí, ǹ bá ti rí i. Ta ló fẹ́ dúró?

Mo fa àpótí ẹrù mi yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo mú gílóòbù pupa ńlá tí mo fi tọ́ àwọn òròmọdìyẹ mi kẹ́yìn jáde. Mo gun àga kékeré kan, àga náà sì kérora bí ẹni tó ń rọbí, nítorí ìdí mi ti kúrò ní èyí tí wọ́n ṣe é fún. Mo so gílóòbù náà sínú àgò gan-an, kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ sí ẹ̀ka tí Jẹ́jẹ́ ń dúró lé. Iná gbọọrọ ńkọ́? Mo fọwọ́ sún mọ́ ọn, kò gbóná. Mo ní iná tí kò mú ara gbóná, ọ̀lẹ ni. Mo tú u, mo fi pamọ́ sáàárín àwọn aṣọ abẹ́ mi. Mo gbé àgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé onígíláàsì kó lè rí oòrùn, mo ti fèrèsé náà pa nítorí atẹ́gùn, mo sì fi aṣọ ìbora bo ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta tó kù. Bí a ṣe ń ṣe fún òròmọdìyẹ nìyẹn. Tọ̀sán-tòru ni mo fi iná náà sílẹ̀.

Ní Wẹ́sìdeè, Jẹ́jẹ́ gòkè lọ sí abẹ́ gílóòbù náà, kò sì kúrò níbẹ̀. Mo pe ọmọ mi kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ kó wá wò ó. Mo ní kó wo bó ṣe ń gbádùn. Ó ní òun ò mọ̀ nípa agẹmọ, ṣùgbọ́n ṣé ohun tí wọ́n kọ sára ògiri nìyẹn? Mo ní kó padà sídìí aṣọ rẹ̀.

Ní Tọ́sìdeè, Jẹ́jẹ́ la ẹnu sílẹ̀. Ara rẹ̀ ti funfun bàìbàì. Mo rò pé ó ń rín ẹ̀rín sí mi ni. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, èmi àgbàlagbà, mo tún ń mi orí sí i. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ti di ojú méjèèjì. Mo na ìka sí i, kò dì í mú bó ṣe máa ń ṣe. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti tán. Ibẹ̀ náà ni mo sì ti gbóòórùn aṣọ tó ń jó.

Ọmọ mi ti gbọ́ òórùn náà kí n tó dìde. Ó wọlé pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó fa wáyà iná yọ lára ògiri, ó sì ká aṣọ ìbora náà kúrò. Ojú kan lára rẹ̀ ti pọ́n, ó tóbi tó ọmọrí ife. Kò pariwo. Ẹni tí kò pariwo ló máa ń bà mí lẹ́rù.

"Màmá, aṣọ oníbàárà ló kún ilé yìí."

Mo ní mo mọ̀.

"Mo ti sọ fún Akọ̀wé láti ọjọ́ kìíní. Ẹranko ti ṣàìsàn, iná sì fẹ́ jó wa mọ́lé. Lọ́la tó bá dé, ó máa dá a padà."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ọmọ tí kò sí nílé ló máa jẹ̀bi ohun tí ọwọ́ mi ṣe. Mo ní kó kọ́kọ́ bá mi pe dókítà ná, ká gba ẹ̀mí là, ẹjọ́ kì í sá lọ.

Dókítà ẹranko tó wá kì í ṣe àjèjì sí mi. Òun ló ń tọ́jú àwọn adìyẹ mi títí mo fi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, Ìyá Aládìyẹ ló sì ń pè mí dòní. Ó wo àgò náà, ó wo gílóòbù pupa náà, ó wò mí. Ó ní, "Ìyá Aládìyẹ, mo dá iná yìí mọ̀."

Ó gbé Jẹ́jẹ́ kúrò nínú àgò, ó ní kí n tan gílóòbù náà padà, kí n na ọwọ́ mi sí ibi tí ẹ̀yìn Jẹ́jẹ́ ń wà, kí n máa ka ení, èjì. N kò tíì ka dé èje tí mo fi fa ọwọ́ mi yọ. Ó fi tẹmómítà sí orí ẹ̀ka náà. Ó di mẹ́rìnlélógójì lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ó ní ibi tó gbóná jù lọ fún ọmọ agẹmọ bí èyí kò gbọ́dọ̀ ju méjìdínlọ́gbọ̀n sí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lọ, ibi tó kù nínú àgò sì gbọ́dọ̀ tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó lè ríbi sá sí.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló gun òkè lọ bá iná."

"Ibẹ̀ ni ẹ ti ṣì í, Màmá. Òròmọdìyẹ ní ẹsẹ̀, ó sì ní ẹnu. Bí ooru bá pọ̀, á sá. Bí òtútù bá mú un, á ké, ẹ̀yin náà á sì gbọ́. Agẹmọ kì í ké. Ibi tí ooru ti ń bọ̀ ló máa ń gùn lọ, kì í tètè mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ti ń jó. Ẹnu tó là sílẹ̀ yẹn, ooru ló ń tú jáde."

Ó fi hàn mí. Àmì pupa kékeré kan wà lórí ẹ̀yìn Jẹ́jẹ́, bí orí ìṣáná. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin lè bọ́ aṣọ, kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí ààrò láti àárọ̀ di alẹ́?"

Mo ní ní ọjọ́ orí tèmi yìí, ààrò náà ló máa kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Ọmọ mi tó ti ń fajú ro láti ọ̀sán bú sẹ́rìn-ín, kò fẹ́ rín in, ṣùgbọ́n ó jábọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, dókítà bèèrè iná gbọọrọ. Mo ní kó fún mi láyè. Mo lọ yọ ọ́ láàárín àwọn aṣọ abẹ́ mi, mo gbé e wá bí ẹni tó gbé ẹ̀sùn ara rẹ̀ wá síwájú adájọ́. Mo ní kí ló tiẹ̀ ń ṣe, nígbà tí kò gbóná.

Ó ní ìtànṣán kan wà nínú oòrùn tí ojú wa kò lè rí, UVB ni wọ́n ń pè é. Iná gbọọrọ yìí ló ń pèsè rẹ̀ nínú ilé. Láìsí i, ara agẹmọ kò lè lo kálísíọ̀mù tó wà nínú oúnjẹ rẹ̀, egungun rẹ̀ á sì máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi wọ́. Mo ní ṣebí mo gbé e sí ojú oòrùn lẹ́bàá fèrèsé. Kò bá mi jiyàn. Ó mú ẹ̀rọ kékeré kan jáde, ó gbé e sẹ́yìn gíláàsì: òdo. Ó ṣí fèrèsé, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà. Ó tì í padà: òdo. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, ooru wọlé, ṣùgbọ́n èyí tí egungun nílò ti dúró síta.

Ó ní, "Wọ́n ní alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ tán, àìmọ̀ọ́jó ló kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, egungun ni ọmọ náà máa fi jó."

Ó fi òróró ìtọ́jú ra ojú ọgbẹ́ ẹ̀yìn Jẹ́jẹ́, ó kán omi sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta kò tíì ba egungun jẹ́, ọgbẹ́ náà sì máa san. A gbé àgò kúrò lẹ́bàá fèrèsé, a dá iná méjèèjì padà sórí àwọ̀n níta. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ sùn nínú òkùnkùn láti Túsìdeè, nítorí agẹmọ kì í fẹ́ iná lójú oorun, ìbáà jẹ́ pupa.

Ní ọ̀sán Fúráìdeè, mo ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kí bàgì Akọ̀wé tó kúrò léjìká rẹ̀. Mo fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

"Orogún mi, èmi ni mo jó Jẹ́jẹ́ lẹ́yìn."

Ó wò mí. "Màmá àgbà, ṣé ẹ ò ka ìwé tí mo lẹ̀ ni?"

"Mo kà á."

"Ẹ kà á?"

"Mo kà á, mo sì rẹ́rìn-ín."

Omi lé sí i lójú. Ó sáré wọlé, a tẹ̀ lé e. Jẹ́jẹ́ wà lórí ẹ̀ka rẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé. Ojú kan ń wo Akọ̀wé, ojú kejì ń wò mí, bí ẹni tó fẹ́ jẹ́rìí. Akọ̀wé ju ìrẹ̀ kan sínú àgò. A ò mí. Ahọ́n Jẹ́jẹ́ yọ fìà, ìrẹ̀ ti wọlé. Mo jó. Ilẹ̀ pákó iyàrá náà mì, ọmọ mi ní kí n rọra, pé àwọn aláìsàn wà níbí.

Mo yí sí i, mo ní òfin rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ọmọ yìí kọ́ ló rú u. Ó ní, "Ẹranko náà ò lọ síbì kankan. Gílóòbù pupa yẹn ló ń lọ." Akọ̀wé dì mọ́ ọn, ó tún wá dì mọ́ mi, ìwọ̀nba díẹ̀, kí n lè mọ̀ pé ẹjọ́ mi kò tíì parí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní agẹmọ nílé, ẹ jẹ́ kí ìtìjú tèmi ṣe yín láǹfààní. Òde àgò ni kí iná ooru máa wà, lórí àwọ̀n, jìnnà sí ẹ̀ka tó ga jù. Inú ihò iná tí wọ́n fi tánganran ṣe ni kí ẹ ki gílóòbù rẹ̀ sí, kì í ṣe inú ike tó lè yọ́, kí aṣọ tàbí bébà má sì sún mọ́ ọn. Ẹ fi tẹmómítà wọn ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ máa wà, ẹ tún fi ọwọ́ yín dán an wò. Ohun tí ọwọ́ yín kò lè gbà, ẹ má fi bọ́ ọmọ agẹmọ. Iná UVB gbọ́dọ̀ máa wà lójú mọmọ bíi wákàtí méjìlá, láìsí gíláàsì tàbí ike láàárín. Ẹ gbé e jìnnà tó ibi tí ìwé tó bá a wá sọ, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ìwé náà bá ní ó tó, bó tiẹ̀ ṣì ń tàn, nítorí ìtànṣán náà máa ń tán kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó tán. Lálẹ́, ẹ pa gbogbo rẹ̀. Bí agẹmọ bá ń la ẹnu, tó ń di ojú lọ́sàn-án, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ kò di igi mú mọ́, ẹ má fi ọgbọ́n orí wò ó, ẹ pe dókítà ẹranko. Oríṣi agẹmọ pọ̀, òun ló máa sọ ìwọ̀n tó bá tiyín mu.

Bí ẹ bá sì ní ìyá àgbà kan nílé tó gbọ́n jù, ẹ má bá a jà. Ẹ fi tẹmómítà lé e lọ́wọ́, kí ẹ ní òun ni ọ̀gá ẹni tó ń wò ó. Èmi ni mò ń wo tiwa báyìí, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Inú mi ń dùn, ọwọ́ mi sì ti kúrò lára iná.