Àga Tó Kọjú sí Ògiri

Àga ti tún kọjú sí ògiri. Ọjọ́ Ìsinmi kẹta rèé tí Díákónì Jìmí ń ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wọn lójú Old Kent Road tó ń bá a bẹ́ẹ̀. Gbogbo àga yòókù kọjú sí pẹpẹ, àfi ti Ẹwà, ìyàwó rẹ̀. Ó yí i padà. Igi náà tutù bí ẹran inú fìríìjì.

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ kó àwọn àga náà wá láti abúlé kan ní Flanders, ní Belgium. Ilé ibẹ̀ kò ju ogójì lọ, oko ànàmọ́ ló yí i ká. Kò séèyàn lójú pópó, àmọ́ kọ́tínì ń mì ní gbogbo fèrèsé. Àlejò ò lè sín níbẹ̀ kí wọ́n má mọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ti ṣí lọ sílùú ńlá, wọ́n sì ti ti ṣọ́ọ̀ṣì pa. Mama Godelieve, arúgbó tó ń tọ́jú rẹ̀, ló ta àga fún un. Orúkọ ará abúlé kọ̀ọ̀kan wà lára idẹ pẹlẹbẹ lẹ́yìn àga rẹ̀.

Ọ̀kan kọjú sí ògiri. Mama ní kó fi ìyẹn sílẹ̀. Ṣé Díákónì máa ń gba ìkìlọ̀ lọ́wọ́ ìyá tó ń mu kọfí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère Màríà? Àlejò lójú, kò fi ríran. Jìmí gbé e, ó tú idẹ rẹ̀, ó sì kan idẹ tó ní orúkọ Ẹwà mọ́ ọn, torí Ẹwà lóyún oṣù méje, àga náà ló sì dára jù.

Lánàá, Ẹwà ní, "Jìmí, mi ò like àga yẹn. It's like ẹnì kan ń mí sí mi lọ́rùn."

"It's just cold, babe. Màá tan heater."

Ẹ̀rù wá ń ba Jìmí wàyí. Ó pe Mama lórí fóònù, ó sì ròyìn fún un nípa àga náà àti idẹ tó pààrọ̀.

"Níbí, tí ẹnì kan bá kú, a máa ń yí àga rẹ̀ sí ògiri," Mama sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Orúkọ ta lẹ kọ sára rẹ̀?"

"Ìyàwó mi."

Jìmí ń gbọ́ aago tó ń dún lọ́hùn-ún.

"Mama, ẹ ṣì ń lu aago ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Aago kẹ̀? Wọ́n ti gbé e lọ lọ́dún tó kọjá."

Jìmí fa idẹ náà tu, ó sáré dé ilé wọn ní Peckham. Ẹwà jókòó ní kíṣìnì, ó ti yí àga rẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ọwọ́ rẹ̀ wà níkùn.

"Ẹwà!"

Kò wẹ̀yìn.

"Rọra," ló wí. "Wọ́n ń lu aago. Ọmọ ti gbọ́ ọ. Kò mira mọ́."