Ọ̀pá Irin Lórí Àyà Géńdé

Ẹ wo àyà! Ẹ wo apá! Géńdé ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Òun ló ni ilé ìdárayá tó wà ní ìkángun òpópónà, níbi tí wọ́n ti ń gbé irin. Kì í mutí, kì í mu sìgá. Ara rẹ̀ ló ń bọ.

Ìyàwó rẹ̀ á ní, "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun. Ẹ sùn díẹ̀."

"Oorun? Ọ̀lẹ ló ń sùn."

Torí ìdíje àwọn tó ń fi iṣan ara hàn tó ń bọ̀, ó ń febi pa ara rẹ̀ kí ikùn lè le, ó wá ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ń lé oorun dípò omi.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ alágbàfọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù wọn fara kanra, kì í dákẹ́. "Géńdé, ojoojúmọ́ lò ń wo apá ẹ. Ọkàn ẹ ńkọ́? Jésù ń pè ẹ́ o."

"Lọ lọ aṣọ, jàre! Ìwọ tí atẹ́gùn lè gbé lọ. Àwọn tí ò lágbára ni Jésù wà fún."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn oníbàárà ti lọ, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì láti gbé irin tí kò gbé rí. Ẹni tó bá ń dá gbé irin bẹ́ẹ̀ kì í fi ìdè de àwọn àwo irin tó wúwo mọ́ etí ọ̀pá, kó lè dà wọ́n nù bí apá bá kọ̀. Òun gan-an ló ń kọ́ àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dè é pinpin. Ṣé apá Géńdé ló máa kọ̀?

Ó gbé irin náà sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí àyà. Ó fẹ́ gbé e padà, apá kọ̀! Irin bà lé àyà rẹ̀. Ó tì í, kò mì. Ó fẹ́ dà á nù, ìdè ò gbà. Ó fẹ́ ké, èémí ò tó. Géńdé wá ń na ẹsẹ̀ bí aláǹgbá tí bíríkì jábọ́ lé.

Ó mọ̀ pé òun ń kú lọ, kò sì mọ ibi tí òun ń lọ. Gbogbo ìgbéraga rẹ̀ wá hàn sí i. Ètè rẹ̀ mì láìsí ohùn: "Jésù, mi ò lágbára. Gbà mí."

Gìgísẹ̀ rẹ̀ ń gbá ilẹ̀, gbì, gbì. Alágbàfọ̀ gbọ́, ó ju áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó sáré wọlé. Kò lè gbé irin náà, ṣùgbọ́n ó tú ìdè ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn àwo irin ya lulẹ̀ gbàràgàdà, ọ̀pá yẹ̀ kúrò.

"Má sọ̀rọ̀. Mí!"

Géńdé bú sẹ́kún. "Ká ní mo kú ńkọ́?"

"Ohun tí mo fi ń yọ ẹ́ lẹ́nu nìyẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ wúwo ju irin yìí lọ, Jésù sì ti rù ú fún ẹ."

Lórí ilẹ̀ tó kún fún òógùn yẹn, Géńdé kúnlẹ̀, ó ronú pìwà dà.

Dókítà sọ pé ebi àti àìsùn ló jí agbára ara rẹ̀ lọ. Ní báyìí, ó ń jẹun, ó ń mu omi, ó ń sinmi. Ó ṣì ń gbé irin, àmọ́ kò bọ ara rẹ̀ mọ́.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, bóyá ò ń rìn láàárọ̀, o sì ti dín iyọ̀ kù. Ó dáa! Èmi náà ń rìn, bí mo tiẹ̀ máa ń débi tí mò ń lọ kí ìdí mi tó dé. Ṣùgbọ́n ara tó le jù lọ ṣì ń padà di erùpẹ̀. Ọkàn ẹ ńkọ́?

Géńdé rí ẹni sáré wọlé; ìwọ lè má rí. Má sọ pé ó di ọ̀la. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà, bí orúnkún bá gbà, bí kò bá gbà, jókòó, kó o sọ pé, "Jésù, mo ti ṣẹ̀. Gbà mí lónìí." Ó ń gbọ́.